Bíríkìlà tó ní òun ò lo ìṣirò rí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Tíṣà. Bíríkìlà ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé l'Óṣogbo níbí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà ní SS2. Gbogbo iṣẹ́ yòókù ló mọ̀, ìṣirò nìkan ni kò wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?" Mi ò rí èsì fọ̀, torí ká sòótọ́, láti ìgbà tí mo ti fi JSS3 sílẹ̀, mi ò lò ó rí. Iṣẹ́ wo gan-an ló ń lo ìṣirò? Nọ́ọ̀sì ló lóun fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún ní télọ̀ ni.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní ẹ ò lo ìṣirò rí, torí bíríkìlà bíi tiyín ló fi ìṣirò dójú ti èmi olùkọ́ ìṣirò.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọ nílé-ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni mo ra ilẹ̀ kan lọ́nà Ìlobùú. Wọ́n ní ó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 100 ní gígùn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo mú tépù dání lọ. Mo wọn iwájú: 50. Mo wọn ẹ̀yìn: 50. Ọ̀tún jẹ́ 100, òsì jẹ́ 100. Ẹni tó ń tà á ń bá mi di ẹnu tépù mú, ó tilẹ̀ ń yìn mí pé obìnrin tó mọ nǹkan ni mí. Mo sanwó, mo gba rìsíìtì, mo relé.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó rówó fa ìpìlẹ̀. Bíríkìlà tí wọ́n júwe fún mi dé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, òun àti ọmọṣẹ́ kan. Kò béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó fa tépù láti igun ọ̀tún níwájú lọ sí igun òsì lẹ́yìn, ó bá 95. Ó tún fà á láti igun òsì níwájú lọ sí igun ọ̀tún lẹ́yìn, ó bá 126. Ó wo èèkàn, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ yín wọ́."

Ẹ̀yin á ti mọ ohun tó ń wí. Ká ní ilẹ̀ náà gún ni, igun sí igun méjèèjì ì bá jẹ́ iye kan náà, nǹkan bí 112 ẹsẹ̀ bàtà. Fún ọmọ yín, ẹ mú páálí bisikíìtì kan, ẹ gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ti èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò kúrú rárá, síbẹ̀ àyè inú rẹ̀ á máa fún pọ̀ títí tí ẹ̀gbẹ́ á fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Bí ilẹ̀ mi ṣe rí nìyẹn. Dípò 5,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, nǹkan bí 4,700 ni mo rà. 300 tó dín yẹn á gba yàrá méjì tó jẹ́ 12 lọ́nà 12, á sì tún ṣẹ́ díẹ̀ kù. Tépù ò purọ́ fún mi, ibi tó yẹ kí n fà á gbà ni mi ò fà á gbà.

Owó yẹn dùn mí. Àmọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní ni pé mo lè fojú dídì kọ òfin Pythagoras sójú bọ́ọ̀dù, mo ti fi na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́gba rí, kò sì sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò gbọ́ orúkọ Pythagoras rí. Orúkọ ìṣirò wà lọ́wọ́ mi, ìṣirò fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi àwọn ọmọ tí mo kọ́, tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́, pé èwo gan-an ni wọ́n ń lò nínú ohun tí mo kọ́ wọn. Ìdáhùn wọn ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn, kì í ṣe ìwé.

Ká tó kúrò lórí yín, tí ẹ bá fẹ́ kí igun ilé ṣe déédéé, ṣé ẹ kì í wọn 3 síhìn-ín, 4 sọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ wá rí i pé àárín wọn jẹ́ 5? 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àpapọ̀ wọn jẹ́ 25, ìyẹn 5 lọ́nà 5. Òun gan-an ni òfin Pythagoras tí wọ́n ń kọ́ ọmọ yín ní kíláàsì. Tí onílé bá bi yín pé búlọ́ọ̀kù mélòó ni ògiri yìí máa gbà, ṣé ẹ máa ń ní kó lọ bi tíṣà? Búlọ́ọ̀kù 9 ìnǹṣì gùn ní 18 ìnǹṣì, ó ga ní 9, nítorí náà ojú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀ níbùú lóròó, 1.125 ká má tàn ara wa. Ògiri tó gùn ní 12, tó ga ní 10, jẹ́ 120. Ẹ fi 1.125 pín in, búlọ́ọ̀kù 107 ló máa gbà. Ẹ lè má kọ ọ́ sílẹ̀ rí o, àmọ́ tí wọ́n bá gbé 90 wá, ẹ máa mọ̀ kí wọ́n tó já a tán. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé àná lẹ lò ó kẹ́yìn.

Ó kan nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ yìí ni mo máa ń bẹ̀rù fún ọmọ tí kò gbọ́ ìṣirò, torí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Dókítà á kọ ọ́ pé kí wọ́n fa omi lítà kan sí aláìsàn lára láàárín wákàtí mẹ́jọ. Kò ní kọ bí á ṣe máa kán, ìyẹn dọwọ́ nọ́ọ̀sì. Ara páálí rọ́bà tí omi náà ń gbà kọjá ni wọ́n máa ń kọ iye ẹ̀kán tó wà nínú mílílítà kan sí, ẹ jẹ́ ká ní 20. Lítà kan jẹ́ mílílítà 1,000, ó di ẹ̀kán 20,000. Wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ẹ fi 480 pín 20,000, nǹkan bí 42 lẹ máa rí. Ni nọ́ọ̀sì á bá tẹjú mọ́ aago, á máa ka ẹ̀kán, á máa yí róòlù kékeré ara rọ́bà náà títí á fi máa kán ní ìgbà 42 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ti ọmọdé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn rẹ̀. Ká ní ọmọ kan wọn kílò 12, tí dókítà sì ní kí wọ́n fún un ní parasitámọ́ọ̀lù mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. 12 lọ́nà 15 jẹ́ 180. Ara ìgò ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mílílítà 5 ní mílígíráàmù 120 nínú, nítorí náà mílílítà 7.5 ni wọ́n máa fún un. (Àpẹẹrẹ ìṣirò nìyí o, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe dókítà nílé.) Ẹ wo àmì kékeré tó wà láàárín 7 àti 5 yẹn. Tí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé rẹ̀, ó ti di 75, ìlọ́po mẹ́wàá. Mo bi ọmọ tí mo kọ́, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú yìí, pé kí ló ń gbà wọ́n nínú irú ẹ̀. Ó ní, "Mà, ìgò yẹn fúnra rẹ̀ ò ju 60 lọ. Kí ni mo fẹ́ fi 75 ṣe?"

Mo ti lo èsì yẹn fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ ìṣirò kò lè sọ ọ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà sí i, á bá yín ṣe é, kò ní bi yín bóyá ọmọ ọdún méjì lè mu odindi ìgò oògùn kan kó tún lé. Ọmọ tó bá lè wo ìdáhùn kó ní "èyí ò lè rí bẹ́ẹ̀" ti gba ohun tó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́.

Tó bá wá jẹ́ pé nítorí ìṣirò ló ṣe fẹ́ sá lọ sí ìdí télọ̀, ẹ dákun, ẹ tètè sọ fún un pé ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń dúró dè é. Gbogbo télọ̀ ìwòyí ló ń sọ pé àwọn máa rán síkẹ́ẹ̀tì "flare 360" tàbí "180". Ẹ bi í pé 360 kí ni? Òun náà ni 360 tó wà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, òbìrípo kan tó pé. Oníbàárà tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ìnǹṣì 28, tó fẹ́ 360, ẹ máa fi 6.28 (ìlọ́po méjì 3.14 tí ìwé ìṣirò ń pè ní pi) pín 28, á di nǹkan bí 4 àti ààbọ̀. Ìyẹn ni télọ̀ máa wọ̀n láti igun ibi tó ṣẹ́ aṣọ pọ̀ sí kó tó yí ṣọ́ọ̀kì. Tó bá jẹ́ 180, 3.14 ló máa fi pín in, á di nǹkan bí 9.

Ibẹ̀ kọ́ ló ti ń le o. Fífẹ̀ áńkárá kì í sábà ju ìnǹṣì 45 lọ. Oníbàárà fẹ́ síkẹ́ẹ̀tì 360 tó gùn ní ìnǹṣì 25. Ẹ ro 4 àti ààbọ̀ mọ́ 25, ó di 29 àti ààbọ̀ lápá kan, 59 tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán. Aṣọ 45 kò lè bí 59. Àfi kó fi ojú rírán sí i, tàbí kó ní kí oníbàárà gbà á ní ìnǹṣì 18. Télọ̀ tó ṣírò rẹ̀ á ti sọ ọ́ kí oníbàárà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí kò ṣírò rẹ̀ á ti fi sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ kó tó mọ̀, ọjọ́ ayẹyẹ ló wá di ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn aláró wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń po ọ̀kan àwọ̀, ọ̀kan kọ́sítíìkì, méjì háídírò, ìyẹn kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń pò mọ́ àwọ̀. Ṣíbí kan lè di ife kan tàbí ife mẹ́ta, ìwọ̀n ọ̀kan, ọ̀kan, méjì yẹn ò gbọdọ̀ yẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ á ṣí lójú aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo ni kò mọ̀ pé ìlú yìí ni National Control Centre wà, níbi tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná tó ń gba orí wáyà ńláńlá káàkiri Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ kàwé iná, òun ló fi kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Iná wa gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí Márúwá bá kó èrò mẹ́rin gun òkè tí awakọ̀ ò fi kún iná ọwọ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á rọ. Tó bá wá sọ èrò kalẹ̀ lójijì, ẹ́ńjìnnì á han gooro. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iná: tí àwa tó ń lò ó bá fà ju ohun tí àwọn ẹ̀rọ ń pèsè lọ, 50 yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Tó bá ṣẹ́kù sílẹ̀, á gòkè. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ á máa rò, wọ́n á máa yọ kúrò, ní gbogbo ìṣẹ́jú, tọ̀sán tòru. Wọ́n á sọ pé kí ibùdó kan fi kún tiẹ̀, tàbí kí wọ́n gé ibì kan. Tó bá já sísàlẹ̀ jù, àwọn ẹ̀rọ á máa fúnra wọn kúrò lójú iná lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà bàjẹ́, gbogbo wa á sì wà nínú òkùnkùn láti Èkó dé Kánò.

Kí wọ́n tó débẹ̀ rárá, wọ́n ti ní láti sọ iye tí a máa lò lálẹ́ òní. Wọ́n á wo ti àná, wọ́n á wo ti ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á wò ó bóyá òjò máa rọ̀ kí ara tutù. Wọ́n ń pe ìyẹn ní statistics nílé-ìwé. Ọmọ tó ń kọ́ ọ kì í mọ̀ pé ó lè gbé òun dé iṣẹ́ olówó oṣù tó nípọn nínú ìlú bàbá òun gan-an.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn lọ títí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Alájọ Ọjà Ọba tó ń gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù mọ̀ pé nǹkan bí náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lòun ń mú. Àwọn tó ń yá owó lórí fóònù ni wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń yá. Èlé mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù kò jọ nǹkan kan lójú. Tí èlé bá ń gun èlé, 50,000 náírà á lé ní 156,000 tí ọdún bá fi yípo. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti girama jáde, tí wọ́n gba kírẹ́díìtì nínú WAEC, wà lára àwọn tó ń kó sí i.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan ọmọ yín jẹ. Púpọ̀ nínú ohun tó ń kọ́ yìí ni kò ní lò. Mo bi àwọn tó ju ogún lọ, agbẹjọ́rò, oníròyìn, awakọ̀, oníṣòwò, kò sí ẹni tó ní òun yanjú "quadratic" kan (ìṣirò tó ní x lọ́nà x nínú) láti ọjọ́ tí òun ti kúrò ní kíláàsì mi. Ọmọ tó lọ ṣe ẹ́ńjíníà ló ní òun ń lò ó. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló bu ìbù kékeré tirẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ dénú eegun: nọ́ọ̀sì mú ìpín àti ìwọ̀n, télọ̀ mú òbìrípo, ẹ̀yin mú igun. A kì í mọ èyí tí ọmọ máa bù lọ́la, òun la ṣe ń gbé odindi síwájú rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, tó bá fẹ́ lọ kàwé nọ́ọ̀sì, wọn ò ní gbà á láìsí kírẹ́díìtì nínú ìṣirò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà nìyẹn, kò ṣeé bá jiyàn.

Tí ẹnì kan bá sì sọ fún un pé ìṣirò kì í ṣe ti obìnrin, ẹ sọ fún un nípa Grace Alele-Williams. Ẹ̀kọ́ nípa kíkọ́ni ní ìṣirò ló gba oyè ọ̀mọ̀wé lé lórí ní Chicago lọ́dún 1963, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ó di gíwá Yunifásítì Benin, kò sì sí obìnrin tó ti ṣe gíwá yunifásítì nílẹ̀ yìí ṣáájú rẹ̀. Ká tiẹ̀ fi ti ìwé sílẹ̀. Ìyá àgbà tó ń ta àgbàdo lójú títì, tó bá pe márùndínláàádọ́ta, ó ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Àádọ́ta yẹn fúnra rẹ̀, ọgọ́ta tí wọ́n yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Ìṣirò mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kan, kò sì mú bírò.

Ibi tí mo fura sí pé ọmọ yín ti kọsẹ̀ kì í ṣe SS2. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n ní ìṣirò ò wọ̀ wọ́n létí, mẹ́jọ ló jẹ́ pé ìdá ló dà wọ́n rú ní prámárì mẹ́rin, wọ́n ń fi ojú tijú títí dòní. Ẹ bi í ní ìrọ̀lẹ́ kan, láìsí ìbínú: èwo ló pọ̀ jù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni, àbí ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ? Tí kò bá lè sọ ọ́ láìfi ẹ̀rọ ṣe é, ẹ má san owó lẹ́sìnnì SS2 kankan. Ẹ wá ẹni tó máa padà lọ kọ́ ọ ní ìdá fún oṣù méjì. Á jọ bíi pé ẹ ń dá a padà sẹ́yìn. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú un dání lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹ fún un ní tépù àti bébà, kẹ́ ẹ ní kó sọ iye búlọ́ọ̀kù tí yàrá kan máa gbà: 12 lọ́nà 12, kó ga ní 10, ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ 3 lọ́nà 7, fèrèsé méjì tó jẹ́ 4 lọ́nà 4. Ẹ̀yin náà ẹ ro tiyín sí ikùn, ká fi ti èyí tó máa fọ́ sílẹ̀ ná. Tí iye tirẹ̀ bá fi nǹkan bí 47 ju tiyín lọ, ó gbàgbé láti yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Tó bá jẹ́ tiyín ló fi 47 ju tirẹ̀ lọ, àbúrò mi, ẹ má bá a jà.